Àmín Tí Mo Ṣe sí Èpè Ìyá Dàdá

Ràímì, Àkànní ọkọ mi,

Ilé kí ọ, Goro kí ọ. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bí ìbejì. Òrùlé ilé ìdáná jò, a ti tún un ṣe. Ara mi le, àfi orúnkún mi tó ń dún kẹ́kẹ́ bí mo bá fẹ́ dìde nídìí ààrò. Mo ti kí ọ tán nìyẹn o. Jẹ́ kí n bọ́ sínú ọ̀rọ̀ kíá, torí bí mo bá ń kí ọ kiri báyìí, àyà mi á já, n ó ká ìwé yìí sábẹ́ ẹní, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ mọ́.

O máa béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí pọ́tábù tí a fi ń pe ara wa wà. Ìwọ lo fà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ pé "Ràímì, ọ̀rọ̀ sinimá yẹn," ẹ̀rín lo máa ń bú sí. Wàá ní, "Màmá, sinimá ni! Eré ni!" Lẹ́yìn náà wàá ní ẹnìkan ń pè ọ́ níta. Ta gan-an ló ń pè ọ́ níta lójoojúmọ́ yẹn? Kò ní iṣẹ́ ni? Ó dára, lẹ́tà kì í gé lójijì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà nígbà tí bàbá rẹ ṣì wà láyé, tó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ta ni mo fẹ́ kọ̀wé sí. Òun náà ti rí i báyìí.

O ní wọ́n tún ti fún ọ ní iṣẹ́ mìíràn ní Kútọnu. O ní èyí á pẹ́, pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọn yóò máa fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, pé ọ̀gá ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ́ kí o ṣe níbẹ̀. O ní o kò ní fọwọ́ sí ìwé wọn àfi bí mo bá kọ́kọ́ ṣàdúrà sí i. Mo dúpẹ́ pé o bi mí o. Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní, wọ́n á ti gbéyàwó tán kí ìyá wọn tó gbọ́. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, bí mo bá la ẹnu láti ṣàdúrà náà, ẹnu mi kọ̀. Inú kò bí mi sí ọ. Ọ̀rọ̀ ló rú mi lójú. Ẹnu tí o ní kí n fi súre fún ọ yìí náà ni mo fi ṣe àmín sí èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá yé ọ, tún un kà. Èmi ìyá rẹ, èmi tí mo bí ọ, mo ṣe àmín sí èpè rẹ ní gbangba, ohùn mi ló sì ròkè jù.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, torí Tata Falílà aládùúgbò wa ti ń sọ ọ́ kiri, o sì mọ Falílà. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Kútọnu á ti di pé mo fa aṣọ ya mọ́ ara mi lára.

Nígbà tí àwọn tó ń gbé sinimá káàkiri abúlé dé ọ̀dọ̀ wa, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbà. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n fi ẹní àti ìró àwa obìnrin di gbogbo fèrèsé kí iná sinimá lè hàn, ooru sì mú wa nínú ibẹ̀ bí ẹ̀wà inú ìkòkò. Ìwọ lo pè mí tẹ́lẹ̀ pé kí n lọ. O ní, "Màmá, mo wà láàárín rògbòdìyàn yẹn, ẹ wò mí dáadáa o." Inú mi dùn! Mo pe gbogbo ilé. Èmi ni mo lọ fa Ìyá Dàdá lọ́wọ́ dé ibẹ̀, tí mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọmọ yín Ràímì." Mo gbé e jókòó sí iwájú pátápátá, mo jókòó tì í.

Sinimá bẹ̀rẹ̀. Ìlú ńlá kan ni, ìgbà àtijọ́, ìgbà tí èmi ṣì kéré. Àwọn ènìyàn ń pariwo ní títì, wọ́n mú ewé lọ́wọ́, wọ́n ní ìyà pọ̀. Àwọn ọlọ́pàá sì ń bọ̀ níwájú wọn. Ràímì, àárín àwọn tó mú ewé lọ́wọ́ ni mo ti ń wá ọ. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá kí n wò ọ́ níbòmíràn. Ọmọ mi, ibo ló tún fẹ́ wà bí kì í bá ṣe láàárín àwọn tí wọ́n ń nà? Bí ọ̀kan bá ṣubú, màá di ọwọ́ Ìyá Dàdá mú, màá ní, "Yéè! Ṣé kì í ṣe Ràímì nìyẹn?" Á ní, "Òun kọ́." Ọkàn mi á balẹ̀. Òmíràn á tún ṣubú.

Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó kan jáde láti ilé búrẹ́dì. Kò mọ nǹkan kan nípa ìjà, ó kàn gbá búrẹ́dì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń lọ sílé. Ọlọ́pàá kan tó dé kásìkì irin, tí dígí dúdú bo ojú rẹ̀ dé imú, ló yọ sí i. Ó fi kóńdó gbá a ní àgbọ̀n. Bàbá ṣubú. Ó tún gbá a. Ọwọ́ òsì ló sì ń lò! Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ na ọwọ́ òsì rẹ bó nígbà tí o wà ní kékeré kí o má baà máa fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo rí ọwọ́ òsì yẹn kedere, n kò mọ̀ ọ́n. Inú ń bí mi jù láti mọ ohunkóhun.

Ìyá Dàdá dìde. Obìnrin tí a máa ń fà lọ́wọ́ kó tó lè dìde, òun nìkan ló dìde. Ó na ìka sí ara ògiri. Ó ní, "Ìwọ tí o ń na án yìí, ibi tí o bá forí lé kò ní gbà ọ́. Oúnjẹ tí o bá fi sẹ́nu kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ. Ìyá tó bí ọ yóò pè ọ́, o kò ní jẹ́!"

Gbogbo ilé ní "Àmín!" Èmi ní, "Àmín, àmín, àṣẹ!" Mo tún pàtẹ́wọ́ sí i.

Ìgbà yẹn ni ọlọ́pàá náà ṣí kásìkì kúrò lórí, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ojú rẹ ni. Ojú tí mo máa ń fi òrí pa lójoojúmọ́ nígbà ọyẹ́. Falílà ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Háà! Ràímì kọ́ nìyẹn?" O dá búrẹ́dì bàbá yẹn kọjá, o sì bá ọ̀nà rẹ lọ. Ìyá Dàdá ṣì wà lórí ìdúró, ìka rẹ̀ ṣì nà sí ọ.

O mọ Ìyá Dàdá. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo sùn sí nígbà tí mo máa ń lọ ta wàrà ní ọjà Kika. Ṣùgbọ́n o kò mọ ọkọ rẹ̀, bàbá náà ti kú kí n tó bí ọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó lọ ṣiṣẹ́ alábàárù ní ìlú ńlá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, rògbòdìyàn sì bá a níbẹ̀, ní títì, lọ́nà ilé. Orí iṣu nínú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé e sí wá sílé, àgbọ̀n rẹ̀ ti fọ́. Láti ọjọ́ yẹn kò lè jẹ ohun líle mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, màá máa rí Ìyá Dàdá lójú ọ̀nà àbáwọlé wọn, tó ń fi ọwọ́ rún iṣu mọ́ omi ọbẹ̀ títí á fi rí bí ẹ̀kọ, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọkọ rẹ̀ bí ọmọ. Àwa ọmọdé máa ń rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì wá. Bó ṣe bọ́ ọkọ rẹ̀ nìyẹn títí ọkọ náà fi kú.

Ẹni tí mo lọ fà lọ́wọ́ wá síbi sinimá rẹ nìyẹn, Ràímì. Tí mo gbé jókòó síwájú.

Mo ti rò ó, ó sú mi. Ta ni èpè náà mú? Ṣé ìwọ ni, tí ojú rẹ wà níbẹ̀? Àbí ẹni tí o ń ṣe bí i, tí a kò mọ̀ bóyá ó ti kú? Àbí èmi? Torí a ní ìyá rẹ̀ yóò pè é, kò ní jẹ́. Ta ni ìyá rẹ̀ níbẹ̀? Mo mà fi ẹnu ara mi ṣe àmín pé kí ọmọ mi má jẹ́ mi lóhùn! O sì mọ̀ pé ní àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an mo pè ọ́ lórí pọ́tábù, mo pè títí, o kò gbé e. O ní iná ló tán nínú rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sílẹ̀ ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Mo tọ Alfa lọ. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn ẹni ni Ọlọ́run ń wò, pé èpè tí kò bá rí ẹni tó tọ́ sí, ẹnu tó ti jáde ló ń padà sí. Mo ní, "Alfa, ẹ̀rù tún wá bà mí jù ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ṣe àmín ńkọ́, ṣé ó ń padà sí tiẹ̀ náà?" Alfa fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun á wò ó nínú ìwé. Títí di òní, ó ṣì ń wò ó.

Bàbá rẹ ìbá wà láyé, ẹ̀rín ni ìbá fi mí rín. Nígbà tí mo wà ní ìyàwó tuntun, ẹnu mi mú jù báyìí lọ. Obìnrin kan gbàjókòó mi ní ọjà Tchaourou, mo ní, "Ọjà tí o pàtẹ yẹn, kò ní tà lónìí." Kò pẹ́ tí òjò ńlá fi dé, tó kó gbogbo àtẹ rẹ̀ lọ. Mo sunkún délé, mo ní mo ti di àjẹ́. Bàbá rẹ ní, "Ṣẹ̀fíátù, inú òjò la wà. Òjò kò mọ̀ pé o wà láyé." Mo ní tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àtẹ tèmi náà bá a lọ ṣáá, ẹ̀rù sì ń bà mí fún ọ̀rọ̀ ẹnu mi láti ìgbà yẹn. Ìmọ̀ràn èkíní nìyẹn, kí o gbé e sí ọkàn: ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí wọ́n bá ń ṣàdúrà ní ibikíbi tí gbogbo ènìyàn ń ṣe àmín, kọ́kọ́ béèrè ọmọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí.

Èkejì: bí o bá tún ń pe ìyá rẹ wá wo sinimá, kí o sọ aṣọ tí o wọ̀ níbẹ̀. Ṣé ìyẹn náà le jù? "Mo wà láàárín rògbòdìyàn." Alárékérekè! O mọ̀ pé bí o bá sọ òótọ́, n kò ní wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo di wàrà gbígbóná sínú ewé, mo gba ilé Ìyá Dàdá lọ. Mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Dìde, Ṣẹ̀fíátù. Mo mọ ohun tó gbé ọ wá."

Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Ràímì ni. Ràímì tí ẹ pọ̀n."

"Mo mọ̀ pé Ràímì ni. Ó tọ̀ sí mi lẹ́yìn tó."

"Ẹ bu omi sẹ́nu, ẹ tu ú sílẹ̀, kó parí."

Ó gbé wàrà náà lé itan, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọkọ mi dé ni mo ti ń ṣépè fún ẹni tí n kò mọ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò mọ ojú rẹ̀. Bí mo bá ń ṣépè, màá ní, 'Ìwọ, níbikíbi tí o bá wà.' Ibo ló wà? Èpè mi ń rìn kiri bí ajá tí kò ní olówó. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú rẹ̀."

Mo ní, "Ojú Ràímì kọ́ ni ojú rẹ̀!"

"Èwo wá ni? Fi í hàn mí."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Bí mo bá kó o jẹ nítorí Ràímì, mo ti kó o jẹ fún ẹni yẹn náà. Inú ìkòkò kan ni wọ́n wà báyìí. Ta ló lè yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀?"

Inú bí mi, Ràímì. O mọ̀ mí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo gbàgbé pé mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ọmọ mi kò na ẹnikẹ́ni! Iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó nà, ó nà, wọ́n sanwó fún un, ó bọ́ aṣọ wọn sílẹ̀, ó gba ilé rẹ̀ lọ!"

Ẹnu mi kò tíì pa dé tí etí mi fi gbọ́ ohun tí mo sọ. Òun náà gbọ́ ọ. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹni yẹn ńkọ́, Ṣẹ̀fíátù? Ṣé ọ̀fẹ́ ló ṣe tiẹ̀?"

N kò mọ bí mo ṣe délé.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti mọ èyí tí ǹ bá mú. Bí mo bá ní iṣẹ́ rẹ kò dára, mo tún rántí ohun tí o sọ fún mi pé, "Màmá, bí kò bá sí ẹni tó gbà láti ṣe ẹni burúkú, báwo ni àwọn ènìyàn ṣe máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?" Òótọ́ sì ni. Gbogbo ọdún tí Ìyá Dàdá ti wà nínú Goro yìí, ta ló bi í léèrè ohun tó ṣe àgbọ̀n ọkọ rẹ̀? Èmi kò bi í rí. Lẹ́yìn sinimá rẹ, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́ fún wa." Ó sì ń sọ ọ́. Ìwọ lo ṣe ìyẹn. Inú mi dùn sí i, àyà mi sì ń já, lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ó máa ń ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ àná pàápàá, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń ṣeré lẹ́bàá kànga. Ọ̀kan dé igbá sórí, ó mú igi lọ́wọ́ òsì, ó ń lé àwọn yòókù. Ó ń pariwo pé, "Èmi ni Ràímì! Èmi ni Ràímì!" Wọ́n ń sá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Mo fẹ́ gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún rò ó pé orúkọ ọmọ mi ni wọ́n ń pè yẹn, pé ọmọ mi ti di olókìkí. Mo dúró pẹ̀lú korobá omi lórí títí ọrùn fi ń dùn mí.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin ni, n kò mọ èyí tí mo bá a dé mọ́. Fi í sí ibi tó bá yẹ. Má jẹ́ kí aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa kó sí ọ lórí. Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. Kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà ibodè, lọ́nà Kika, tó ń wọ aṣọ ìjọba. Ìlà tó wà lára ṣòkòtò rẹ̀ lè gé iṣu! Bí mo bá gbé igbá wàrà kọjá, á dìde kí mi bí ẹni pé èmi ni olorì. Á fún mi ní bísíkíìtì. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé òun ni mo máa fẹ́. Lọ́jọ́ kan mo dé ibẹ̀, n kò pariwo, mo fẹ́ fi í ṣeré ni. Mo bá a tó ń fi bàtà ta agbada gàrí obìnrin kan dànù nítorí obìnrin náà kò ní nǹkan kan láti fún un. Gàrí náà dà sínú ẹrẹ̀. Ó yíjú, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ẹ̀rín kan náà tó máa ń rín tẹ́lẹ̀. Mo sá lọ, mo fẹ́ bàbá rẹ tí ṣòkòtò rẹ̀ kò rí áyọ́ọ̀nù rí. Ṣùgbọ́n títí di òní, n kò mọ èwo nínú méjèèjì ló jẹ́ òun gan-an. Bí o bá ń ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá níbẹ̀, rántí ẹni bísíkíìtì yẹn. Ẹni burúkú kì í fi gbogbo ọjọ́ burú, òun ló ń dẹ́rù bani.

Bàbá tí o nà nínú sinimá yẹn, ta ni? Ṣé ó délé láyọ̀? Ṣé o dọ̀bálẹ̀ fún un nígbà tí ẹ ṣe tán? Má dá mi lóhùn pé "Màmá, eré ni." Irun orí rẹ̀ kì í ṣe ti eré, funfun ni. Wá a lọ. Kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Bó bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Kí o ra búrẹ́dì fún un.

Bí o bá bọ́ aṣọ wọn, wẹ̀ kí o tó jẹun. Èmi tí mo ń se wàrà, bí mo bá ṣe tán, màá fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá kí n tó wọ yàrá, torí bí òórùn wàrà bá bá mi dé orí ẹní, n kò ní mọ ìgbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ tìrẹ náà ní òórùn tirẹ̀. Má gbé e wọ ilé.

Mo fẹ́ parí lẹ́tà yìí síbẹ̀. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé má ṣe iṣẹ́ náà, kí o padà wá bá wa já kajú. Mo tún pa á rẹ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé ṣe é, Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Mo pa ìyẹn náà rẹ́. O rí i bí ìwé náà ṣe dọ̀tí níbí. Ṣùgbọ́n Ìyá Dàdá wá sílé wa láàárọ̀ yìí.

Wàrà wà lórí iná, mo ń da omi ewé bọmubọmu sí i. Òun nìkan ló fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Ó jókòó sórí ìjókòó ìdáná, ó ń wo bí wàrà ṣe ń dì. Nígbà tó yá ó ní, "Ṣẹ̀fíátù, kí ló dé tí o fi ṣe àmín lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Ìyá, n kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́ ni."

Ó mi orí. Ó ní, "Èmi náà. Gbogbo ọdún yìí, n kò béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́ rí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. N kò fẹ́ gbàgbé o. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó, mo sì fẹ́ mọ nǹkan kan kí n tó lọ. Pe ọmọ rẹ kó wá."

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ ṣe fún un?"

"Mo fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹni yẹn na ọkọ mi tán, tó bọ́ aṣọ, tó délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ni ó sọ fún ìyá rẹ̀? Ìyá rẹ̀ á ní, 'Ṣé o dé, ṣé iṣẹ́ dára?' Kí ló fi dá a lóhùn? Ṣé ó jẹun? Ràímì wọ aṣọ rẹ̀, ó dé kásìkì rẹ̀, ó mú kóńdó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó yẹ kó mọ̀. Bó bá lè sọ ọ́ fún mi, kí n gbọ́, n ó bu omi sẹ́nu. Bóyá fún ẹnìkan ni n ó tu ú, bóyá fún ẹni méjèèjì, bí mo bá gbọ́ ọ n ó mọ̀."

Ó bu wàrà díẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ lọ sílé.

Ràímì, mo ti tún gbogbo sinimá náà rò láti orí dé ìdí. Wọn kò fi ibẹ̀ hàn. O nu òógùn, o dá búrẹ́dì kọjá, ó tán. Kò sí ilé, kò sí ìyá. Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n? Ṣé o bi wọ́n? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, kí lo wá ń ṣe nínú aṣọ ẹni ẹlẹ́ni?

Nítorí náà, àdúrà mi nìyí, bí ọ̀rọ̀ ṣe rú mi lójú tó yìí náà. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé wọn, lọ bá àwọn tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, kí o bi wọ́n pé: ọ̀gá ọlọ́pàá yìí, bó bá délé, kí ló ń sọ fún ìyá rẹ̀? Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, tàbí tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ jọ wá a, ṣe iṣẹ́ náà, mo fi gbogbo ẹnu mi ṣe àmín sí i, àmín tòótọ́. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, kó ẹrù rẹ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ la fi ń jẹ́ ẹ.

Kí o sì wá sílé. Má jẹ́ kí alùpùpù zẹ́mìjáǹ gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Dàdá. Bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá títì, kí o wọ bùbá bàbá rẹ, kí o fẹsẹ̀ rìn wá, kó lè rí ojú rẹ láti ọ̀nà jíjìn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni kí o kọ́kọ́ yà. N ó ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. N ó pè ọ́, kí o jẹ́ mi lóhùn. N ó ní, "Ṣé o dé, Àkànní? Ṣé iṣẹ́ dára?"

Kí o ti mọ ohun tí o máa sọ. Torí ẹni tí o ṣe bí i yẹn, èmi náà ni ìyá rẹ̀ báyìí, mo sì ti ń dúró dè é nílé láti ọjọ́ yẹn.

Orí tó gbé ọ wá sílé ayé kò ní dá ọ dá èpè. Kí ilẹ̀ Kútọnu tù ọ́ lára, kí ilẹ̀ Goro má gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ.

Èmi ni,
Ṣẹ̀fíátù, ìyá rẹ.